Bí Erinmi Ṣe Di Ará Inú Odò

Nígbà láéláé, nígbà tí erinmi ṣì ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ, Alángbá ni olùkọ́ eré ìdárayá fún gbogbo ẹranko. Orí àpáta rẹ̀ ni wọ́n ń pé sí láràárọ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ lánàá sétí ẹgbẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni Ìyá Erinmi fi wá láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde, ebi ń pa á, síbẹ̀ sísanra rẹ̀ kò dín kù. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bímọ sí ẹ̀yìn òkè. Ta ni yóò wẹ ọmọ tuntun bí kò ṣe ìyá àgbà? Ó gun òkè náà, kò dé ìdajì. Ló bá lọ bá Òòrẹ̀, oníṣègùn.

"Ìyá, àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ," ni Òòrẹ̀ wí. "Ẹ máa jẹ ewé yìí, ebi yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi eré ìdárayá sílẹ̀ o."

Kò pẹ́, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Òkè kò ga bíi tàná mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kan Ìyá Erinmi láti sọ̀rọ̀.

"Ìdì koríko kan, àti ewé Òòrẹ̀."

Alángbá fò sókè. "Oògùn kẹ̀! Ẹ gbọ́ o! À ń làágùn, Ìyá wa ń gba ẹ̀bùrú!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀kẹ́rẹ́, igbákejì Alángbá, wúkọ́. "Ọ̀gá, méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti sanra rí?"

"Èmi? Ìran wa kì í sanra! Iṣẹ́ àṣekára ni!" Ó kọjú sí Ìyá Erinmi. "Ewé tàbí àpáta mi. Ẹ mú ọ̀kan, Ìyá."

Ìtìjú mú kó da ewé nù. Ìtìjú yẹn kan náà kò jẹ́ kó lè dúró lórí àpáta. Ó sáré wọ odò, ó rì mọ́lẹ̀, ó ku ojú àti imú. Omi gbé e, kò sì bi í léèrè ohun tó jẹ.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó gbé ọmọ tuntun wá láti ẹ̀yìn òkè. Inú odò ni ìyá àgbà ti wẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn erinmi ti ń tọ́ ọmọ wọn nínú omi, tí wọn kì í yọ ju ojú àti imú lọ. Alángbá sì wà lórí àpáta títí dòní, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ òun ló sọ òun di tín-ín-rín.