Efúnṣẹ̀yẹ, Olùtọ́jú Ọpọ́n Omi Ọbàtálá

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Awo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló dífá fún Efúnṣẹ̀yẹ, lọ́jọ́ tó ń sunkún nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí Òrìṣà fún un.

Efúnṣẹ̀yẹ yìí ló ń tọ́jú ọpọ́n òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọbàtálá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé lọ bẹ Òrìṣà gbọ́dọ̀ wẹ ọwọ́, kó wẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Omi tó pọn ní ìdájí ló máa ń dà sí i, omi náà á mọ́ gaara. Àṣejù wá wọ ọ̀rọ̀ náà. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ba omi òun jẹ́ mọ́. Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé, á ní, "Lọ fọ ọwọ́ ẹ lódò ná, kó o tó wá wẹ̀ níbí." Bí aláró bá dé, á lé e. Ẹ gbà mí o! Ta ló ń fọ abọ́ kó tó gbé e fún ẹni tí yóò fọ̀ ọ́?

Kò pẹ́, Abọ́ṣẹ̀dé ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Kò jẹ, kò mu. Efúnṣẹ̀yẹ bẹ Òrìṣà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀rù bà á. Ló bá tọ awo lọ.

Awo ní kó fi ìgbín àti aṣọ funfun rúbọ. Wọ́n ní lẹ́yìn ẹbọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí ọpọ́n, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi wẹ ẹni náà, bó ti wù kó rí.

Ó rúbọ. Ta ló kọ́kọ́ dé? Àṣàbí tó ń sun èédú ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Efúnṣẹ̀yẹ ti lé e rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó mí kanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fọ̀ ọ́. Gbogbo omi dúdú.

Ni Àṣàbí bá bú sẹ́kún. "Ìyá, ẹ ṣé o. Ọmọ yín ni mo fẹ́ wá bá yín bẹ̀bẹ̀ fún. Èmi, àgbẹ̀, aláró, gbogbo wa ni. Ẹ ò jẹ́ ká wọlé."

"Yéè! Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi!"

Efúnṣẹ̀yẹ sáré káàkiri ìlú, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti aró lọ́wọ́. Ó wẹ gbogbo wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n sì fi ohùn kan bẹ Òrìṣà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Abọ́ṣẹ̀dé dìde jókòó, ó ní ẹ̀kọ ni òun fẹ́ mu.

Efúnṣẹ̀yẹ jó, ó yọ̀, ó ń yin awo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ rúbọ, kí ẹ sì gba ìmọ̀ràn, ire ló ń bí. Ẹni tí à ń lé lẹ́nu ọ̀nà, ó lè jẹ́ òun ló ń bá wa tọrọ ẹ̀mí.