Ẹṣin Ẹ̀yìn Méjì

Kọ̀ǹpútà ilé Láníyọnu ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ pé kó pààrọ̀ ètò ògbólógbòó tó ń darí òun sí tuntun. Láníyọnu kọ̀.

"Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Kí Odétúndé aládùúgbò wa kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ná. Bí tirẹ̀ ò bá kú, n ó ṣe tèmi."

Nígbà tí ìkómọ ọmọ-ọmọ wọn ní Kánádà, tí wọ́n fẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà náà, ku ọ̀la, kọ̀ǹpútà fárígá: láìsí ètò tuntun, wọn ò ní fojú kan ọmọ.

Láníyọnu ṣílẹ̀kùn kó sáré lọ bá Odétúndé. Odétúndé ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n," Odétúndé ké, "ṣé ẹ ti ṣe tiyín? Ẹ̀yin ni mo ń wò láti èṣí!"

Ìyàwó Láníyọnu, tó ń ti ìta bọ̀, bá wọn níbi tí wọ́n ti dí ẹnu ọ̀nà. Ó ká ìró rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀yin ẹṣin ẹ̀yìn méjì, ẹ yà lọ́nà kí abo ẹṣin kọjá, ó ń lọ tẹ bọ́tìnì!"