Ọ̀pá Ìkòkò àti Ọ̀pá Ìlà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ̀rù ìtàn yìí má baà jẹ́ tèmi nìkan.

Ọdẹ́jìmí ará Ìdí-Ọ̀sán kì í tàsé, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ kò gùn ju ìrù ehoro lọ. Nígbà tí ohùn Ìbídùnní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gbẹ bí odò inú ọ̀gbẹlẹ̀, tí èémí rẹ̀ sì fẹ́ tẹ̀ lé ohùn lọ, àwọn àgbà ní oògùn rẹ̀ wà nínú igbó iwin, nínú ìkòkò kẹta láàrin méje tí wọ́n tò sí ìlà kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún ọmọ náà.

Igbó náà ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Ewé ibẹ̀ ń mí. Gbòǹgbò ń fà sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Iwin kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ̀ bí ihò ara ajere. Onílẹ̀kùn ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ èèyàn, ọwọ́ kì í kan ìkòkò wa. Ọ̀pá ni à ń gbé fún ìránṣẹ́, ìránṣẹ́ ní ń lọ mú un wá. Ìránṣẹ́ méjì la ní. Ọ̀pá ìkòkò nìyí, ti Ẹlẹ́sẹ̀kúkúrú: ìkòkò kan ni ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá ìlà nìyí, ti Ẹlẹ́sẹ̀gígùn: odidi ìlà, ìkòkò méje, ni ìgbésẹ̀ rẹ̀."

Ọdẹ́jìmí na ọ̀pá méjèèjì wò. Ìdí ìkòkò kìn-ín-ní ni orí wọn dé. Ló bá mú ọ̀pá ìkòkò, ó dojú kọ Ẹlẹ́sẹ̀gígùn, nítorí òun ló yára jù.

"Ọdẹ, ọ̀pá tí ìránṣẹ́ yẹn ń retí kọ́ lo mú dání o," ni Onílẹ̀kùn wí.

"Baba, ṣé ẹ fẹ́ dí mi lọ́nà ni?"

"N kò dí ọ. Mo kìlọ̀ ni."

"Ibi kan náà ni orí wọn dé!" Ọdẹ rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

"Ẹ̀rín rẹ̀ dùn," ni iwin náà wí. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹkún rẹ̀."

Ọdẹ́jìmí ní kí ìránṣẹ́ gbé ẹsẹ̀ méjì láti ìkòkò kìn-ín-ní. Ẹlẹ́sẹ̀gígùn kò wo ọ̀pá; bó ṣe mọ̀ ọ́n rìn ló rìn. Ẹsẹ̀ kan, ó fo ìkòkò méje. Ẹsẹ̀ kejì, ó bọ́ sí ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ohun tó gbé wá rí bí ìkòkò, ṣùgbọ́n ó gbóná bí ara èèyàn, ohùn ìyá Ọdẹ́jìmí tó ti kú ló sì ti inú rẹ̀ jáde: "Ọmọ mi, ṣí mi." Ọdẹ nawọ́ láti tì í dànù. Ohun náà la ẹnu, ó gé ìka atọ́ka rẹ̀ jẹ.

Ó sá padà sọ́dọ̀ Onílẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ń ro. Iwin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló yàtọ̀ nínú ọ̀pá méjèèjì?"

"Baba, ibi tí wọ́n tọ́ka sí kò yàtọ̀. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló yàtọ̀."

"Ta ní ń sọ fún ìránṣẹ́ ibi tí ìlà parí sí?"

Ọdẹ yẹ ọ̀pá wò títí. Kò rí iye kankan lára rẹ̀. "Èmi ni, Baba. Ọ̀pá kò mọ̀ ọ́n."

Ó gbé ọ̀pá ìkòkò fún Ẹlẹ́sẹ̀kúkúrú. "Méje ni wọ́n, má kọjá ìkeje. Gbé ẹsẹ̀ méjì." Ìkòkò kẹta dé, ó tutù. Ọdẹ́jìmí sáré délé ní ọjọ́ kẹta. Ìbídùnní mu oògùn náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Bàbá, ìka yín dà?"

Lónìí, Ìbídùnní ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní èdè C tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nínú èdè náà, atọ́ka ni ọ̀pá tó ń fi ibi tí nǹkan wà han kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀kan bá gbé atọ́ka nọ́ńbà kan fún apá ètò tó ń retí atọ́ka odidi ìlà nọ́ńbà, tí kọ̀ǹpútà kìlọ̀, tí ọmọ náà ní, "Àǹtí, ó ṣáà gbà á," Ìbídùnní kì í bá a jiyàn. Baba rẹ̀ ló ń pè. Arúgbó náà á jáde wá, á na kùkùté ìka sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," á wí, "ẹni tó dí yín lọ́nà ti gbà yín là. Ẹni tó kìlọ̀ tó sì yà fún yín, òun ni kí ẹ dúró bi léèrè ọ̀rọ̀."