Ọ́síríkì Gba Inú Igbó Kọjá Láìfọhùn

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wọ́n tilẹ̀ fi í ṣòfin: àlejò tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà wọ inú igbó, tí kò pariwo, tí kò fọn fèrè, olè ni.

Àgùntàn Ọ́síríkì sọnù. Ó ń wá a kiri jẹ́jẹ́ nínú igbó abúlé kejì ni wọ́n bá mú un.

Baálẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ ò lẹ́nu ni?"

"Mo lẹ́nu. Ta ni kí n máa pè? Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ẹ wá ará abúlé yín kan tó máa jẹ́rìí sí yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó tà yín lẹ́rú."

Wọ́n ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Ìyẹn ní, "Ọ́síríkì kẹ̀? Ṣebí òun àtìyàwó ẹ̀ ló jọ kú!"

Baálẹ̀ ní òun ò lè dá òkú sílẹ̀. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ẹrú mìíràn, ó di ọ̀nà ọjà.

Ẹrú yẹn bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe?"

Ọ́síríkì bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ lórí àgùntàn, ó bá a dórí ìyàwó. Nígbà tí ọjà yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó bẹ ẹni tó ń dà wọ́n lọ pé kó jọ̀ọ́, kó rọra máa rìn, ọ̀rọ̀ òun ò tíì tán.