Ọjọ́ Tí Ìyádùnní Kọ Wáyà Bàbá Rẹ̀

Ní ìlú Ìdó-Àpáta, kò sí ẹni tí kò mọ Akínlàjà oníṣẹ́ iná. Kì í lo mítà tí wọ́n fi ń wọn agbára iná rárá. Bó bá ti fi ìka méjì yí wáyà, á ní, "Eléyìí á gbé e," ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ta ni yóò bá a jiyàn? Ògbóǹtarìgì ni lóòótọ́, òun náà sì mọ̀ pé òun jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù.

Ìyádùnní, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì tún lọ kọ́ ìṣirò iná nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí àkókò fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ tó, àṣà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ iná ni pé kí ọ̀gá yan wáyà, kí ọmọṣẹ́ sì fà á níwájú àwọn àgbà. Ọmọṣẹ́ tó bá kọ wáyà ọ̀gá rẹ̀, fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ ti wọmi.

Ààrò iná tuntun ti àwọn oníbúrẹ́dì ni wọ́n ní kó so, nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó. Akínlàjà yí wáyà kan wò, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Ìyádùnní kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mo ti fi mítà wọn ààrò yìí lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Igba fólítì ó lé ogún ló ń lò, ogún áńpù ló sì ń fà. Tí ẹ bá pín fólítì náà sí ọ̀nà ogún, ìdènà inú rẹ̀ kò ju óòmù mọ́kànlá lọ. Tí ẹ bá wá sọ fólítì di ìlọ́po ogún, agbára tó ń jẹ á di ẹgbàajì wọ́ọ̀tì ó lé irínwó. Wáyà yìí ò lè gbé ìdajì rẹ̀."

Ọ̀ṣúnlékè, olórí ẹgbẹ́, faraya. "Akínlàjà, ọmọ rẹ fẹ́ wọ́ ọ nílẹ̀ láàárín wa. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Bá a wí, tàbí ká tú ká."

Inú bí Akínlàjà, ojú sì tì í. Bó bá gbè sẹ́yìn ọmọ, orúkọ tó ti fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́ wó lulẹ̀. Bó bá dá a lẹ́bi, iṣẹ́ ọmọ náà dópin níbẹ̀. Ó wo Ìyádùnní. Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò mójú kúrò lára rẹ̀. Bí òun gan-an ṣe máa ń wo oníbàárà tó bá fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ nìyẹn.

"Ọwọ́ àgbàlagbà náà ò sì wọ kèrègbè," ni Akínlàjà fi dá olórí lóhùn. "Ẹ gbé ààrò náà síta, sórí iyẹ̀pẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá so ó."

Ó fi wáyà rẹ̀ so ó, ó tàn án, ó sì di wáyà náà mú kí gbogbo wọn rí i. Ó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó ṣe, ó gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, èéfín sì rú. Akínlàjà jù ú sílẹ̀. Ìyádùnní sáré pa iná.

Àwọn àgbà dorí kodò. Wọ́n rò pé ìtìjú ni yóò gbé Akínlàjà lọ, àṣé ẹ̀rín ló ń rín. "Ká ní inú ṣọ́ọ̀bù onípákó yẹn la so ó sí, èmi àti orúkọ mi la ì bá jọ jóná. Ta ló bí ọmọ tó yọ mí?" Ó fọwọ́ sọ àyà. "Èmi ni. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Èmi náà ni. Dìde, Ìyádùnní. Wáyà tó o bá yàn la máa fà."

Nígbà tí Ìyádùnní ń fa wáyà tó yàn, Ọ̀ṣúnlékè fúnra rẹ̀ ló bá a di àkàbà mú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdó-Àpáta fi ń pa á lówe títí dòní pé, ọmọ tó tún iṣẹ́ bàbá rẹ̀ yẹ̀wò kò rí bàbá fín. Orúkọ bàbá ló ń yọ nínú iná.