Ìdí Tí Adìyẹ Fi Ń Walẹ̀ Tó sì Ń Sún Sẹ́yìn

Ní ayé ìgbà kan tó ti pẹ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé, adìyẹ kì í fi ẹsẹ̀ walẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà fún ìrìn àti ìdúró nìkan. Ó máa ń nù ún láràárọ̀ kí eruku má bàa wà láàárín ọmọ ìka rẹ̀. Ohun tó bá rí lórí ilẹ̀ ló ń jẹ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò mọ̀ pé ó wà.

Nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní ẹ̀yìn abà, lábẹ́ igi ìyeyè. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹyẹ inú àgbàlá ti ń kọ́ bí a ti ń jẹun, bí a ti ń rìn, àti bí a ti ń sá. Àkùkọ ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Òun ló ń jí gbogbo ayé láàárọ̀, òun náà ló sì ń pín àwọn ọmọ fún olùkọ́.

Lọ́dún kan, ó gba olùkọ́ tuntun. Adìyẹ ni, Àgbébọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń dán, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ọ̀dọ̀ Ẹyẹlé ló ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Àkùkọ kó odindi kíláàsì òròmọdìyẹ lé e lọ́wọ́.

"Àgbébọ̀," ni Àkùkọ wí, "wò wọ́n dáadáa. Tí oṣù tuntun bá lé, èmi àti àwọn àgbà á wá yẹ̀ wọ́n wò. Kálukú wọn gbọ́dọ̀ lè wá oúnjẹ ara rẹ̀."

"Tí wọn ò bá lè wá a ńkọ́, Ọ̀gá?"

"A ó pín wọn ni. Ẹyẹlé á mú díẹ̀, Tòlótòló á mú díẹ̀. Ìwọ á padà sídìí ẹyin."

Àgbébọ̀ wo àwọn ọmọ náà. Wọ́n rí múlọ́múlọ́ bí òwú. Ọ̀kan ti sùn lọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òmíràn ń fi ẹnu fa ìyẹ́ ìdí rẹ̀ bí ẹni ń fa okùn. Ìfẹ́ wọn wọ̀ ọ́ lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ní pín wọn, Ọ̀gá," ló wí.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí Ẹyẹlé ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe é. Ó to àwọn ọmọ náà lọ́wọ̀ọ́wọ́, ó wá sọ fún wọn pé, "Ẹ dijú. Ẹ la ẹnu."

Wọ́n dijú. Wọ́n la ẹnu.

Àgbébọ̀ á sáré lọ sí ẹ̀bá oko, á gbé ekòló kan, á sáré padà, á fi sẹ́nu ọmọ kan. Á tún sáré lọ, á ṣa ikán, á sáré padà, á fi sẹ́nu òmíràn.

"Ta ló kàn?"

"Èmi ni, Tíṣà!"

"Rọ̀bọ̀tọ̀, ìwọ kọ́. O ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tìrẹ tán."

"Tíṣà, ó ti dà!"

Kó tó bọ́ ẹni ìkẹyìn tán, ebi ti tún ń pa ẹni àkọ́kọ́. Bó ṣe ń lọ nìyẹn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àwọn ọmọ ń sanra. Àgbébọ̀ ń gbẹ. Ìyẹ́ rẹ̀ tó ń dán tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re lójú ọ̀nà oko.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ń kọjá lọ sódò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́, kì í sì í kánjú rìn. Ó dúró, ó wo Àgbébọ̀ tó ń sáré bọ̀.

"Àgbébọ̀ o! Ṣé ìwọ nìyẹn, àbí ìyẹ́ rẹ nìkan ló ń sáré kiri?"

"Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú, mi ò ráyè."

"Mo mọ̀. Mo kí ẹ láàárọ̀, o ò ráyè dáhùn. Kí lo jẹ lónìí?"

Àgbébọ̀ ronú. "Mo tọ́ ekòló kan wò lánàá, mà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó korò, kí n tó fún wọn."

"Háà. Alẹ́ àná ńkọ́? Mo rí ẹ. Oòrùn ti wọ̀, o ò ríran mọ́, o ń fi ẹnu táálẹ̀ kiri. Òkúta lo gbé lọ bá ọmọ yẹn."

"Ṣé òkúta ni, mà?"

"Òkúta ni. Ṣé ó gbé e mì?"

"Rọ̀bọ̀tọ̀ ni, mà. Ó gbé e mì. Ó tún ní kí n fi kún un."

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ rẹ́rìn-ín títí ìdí rẹ̀ fi ń mì. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà mi ìdí lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

"Jókòó díẹ̀," ló wí.

"Mi ò lè jókòó, mà."

"Dúró nígbà náà. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Ìyá Ẹyẹlé ni, mà."

"Olùkọ́ rere ni wọ́n. Ọmọ mélòó ni wọ́n ń kọ́?"

"Méjì, mà."

"Ìwọ ńkọ́?"

Àgbébọ̀ wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, àmọ́ wọn ò dúró sójú kan. Ó tún un kà. Ó pa á tì.

"Wọ́n ju méjì lọ, mà."

"Ó dáa bó o ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Àgbébọ̀ rẹ ìyẹ́ apá rẹ̀ wálẹ̀. "Báwo lẹ̀yin ṣe ń kọ́ tiyín ní lílúwẹ̀ẹ́, mà?"

"Mo máa ń wọnú omi."

Àgbébọ̀ dúró de ìyókù ọ̀rọ̀. Kò sí ìyókù.

"Ìyẹn nìkan, mà?"

"Ìyẹn nìkan. Omi ló ń kọ́ wọn. Èmi kàn wà nítòsí ni."

"Tí ọ̀kan bá wá ń rì ńkọ́?"

"Ohun tí mo fi wà nítòsí nìyẹn. Gbọ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ ṣe, má bá a ṣe é. Jẹun kó o tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, kó wọn wọlé, kó o sùn. Olùkọ́ tí kò ríran mọ́, kí ló fẹ́ fi han ọmọ?"

"Ẹ ṣé, mà. Àmọ́ tí Ọ̀gá Àkùkọ bá bá mi lórí ìdúró, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí. Ẹ jẹ́ n parí tòní ná."

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń fi ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá. Ó mi orí, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n tò lẹ́yìn rẹ̀, ó di odò.

Àgbébọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. "Ẹ dijú. Ẹ la ẹnu."

Lókè réré, Àwòdì ń yí po. Ó ti pẹ́ tó ti ń fò lókè àgbàlá yẹn, àmọ́ kò tíì rí irú èyí rí. Àwọn òròmọdìyẹ tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Wọ́n sanra. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo wọn sì dijú.

"Ta ló ṣe gbogbo èyí fún mi?" Àwòdì bi ara rẹ̀. "Ẹni náà ṣeun púpọ̀."

Ó ká apá rẹ̀ mọ́ra, ó sì já wálẹ̀.

Ekòló gígùn kan wà lẹ́nu Àgbébọ̀ nígbà tó rí òjìji náà lórí ilẹ̀. Ìdajì ekòló náà ti wà lẹ́nu Rọ̀bọ̀tọ̀. Àgbébọ̀ fẹ́ kígbe pé "Ẹ sá!" Ẹnu rẹ̀ kún. Ohùn kankan kò jáde. Ó fa ekòló, Rọ̀bọ̀tọ̀ fà á padà. Òjìji náà ń tóbi sí i. Ó ń lọ tààrà sórí Tíntín, ọmọ tó kéré jù lọ, tó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, tó la ẹnu, tó ń dúró de tirẹ̀.

Àgbébọ̀ ju ekòló nù. Ó ta gìrì síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó fi èékánná wa ilẹ̀ kó má bàa ṣubú, ó wà á, ó wà á, erùpẹ̀ sì fò lọ sókè pẹ̀ẹ́! Ojú Àwòdì ló bà sí.

"Yéè! Ojú mi o!"

Àwòdì fi èékánná gbá afẹ́fẹ́ mú. Ìyẹ́ ẹyọ kan ló rí gbà lára Tíntín. Ó fò gba ẹ̀gbẹ́ igi ìyeyè lọ, ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣépè.

Àgbébọ̀ da apá bo àwọn ọmọ náà. "Tíntín! Tíntín dà?"

"Mo wà níbí, Tíṣà."

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń jẹun ni."

Àgbébọ̀ gbé apá rẹ̀ kúrò. Níbi tí èékánná rẹ̀ ti la ilẹ̀, ikán ń rìn. Ekòló ń yí. Hóró ọkà tó ti bọ́ sílẹ̀ láti ìgbà ìkórè jókòó sínú erùpẹ̀. Tíntín dúró láàárín gbogbo rẹ̀, ó ń ṣà á, tọ́, tọ́, tọ́.

"Ta ló fún ẹ?" ni Àgbébọ̀ bi í.

"Èmi."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Tíntín ronú. "Mo lajú ni, Tíṣà. Mo bá rí i."

Àwọn tó kù sáré dé. Àgbébọ̀ ṣèèṣì gbé ikán kan, ó fẹ́ fi sẹ́nu Rọ̀bọ̀tọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Rọ̀bọ̀tọ̀ yí orí.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbé e, Tíṣà."

Ó dun Àgbébọ̀ díẹ̀. Ká má parọ́, ó dùn ún. Ó sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Rọ̀bọ̀tọ̀ ṣá ikán kan, kò bà á. Ó tún un ṣá, kò bà á. Ẹsẹ̀ Àgbébọ̀ ń yún un láti lọ ràn án lọ́wọ́. Ó tún sún sẹ́yìn. Rọ̀bọ̀tọ̀ ṣá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bà á.

Ìgbà yẹn ni Àgbébọ̀ gbé ojú sókè. Kò tíì wo ojú ọ̀run láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́. Ó fẹ̀ gan-an. Kò sí òjìji kankan níbẹ̀. Ó wá jẹ ikán tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn.

Láti ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ Àgbébọ̀ kò mọ́ mọ́. Àárọ̀ kùtù, kí àwọn ọmọ tó jí, á ti walẹ̀ síbi tó fẹ́ kí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́, á sì ti jẹ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé, á pè wọ́n, "Kọ́-kọ́-kọ́!" Á sún sẹ́yìn.

Oṣù tuntun lé. Àkùkọ dé pẹ̀lú àwọn àgbà: Ẹyẹlé, Tòlótòló àti Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi ìyeyè. Àkùkọ húkọ́.

"Bẹ̀rẹ̀."

Àgbébọ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún walẹ̀. Ó fi tòsì wà á. "Kọ́-kọ́-kọ́!" Ó sún sẹ́yìn.

Àwọn ọmọ ya bo ibẹ̀, tọ́, tọ́, tọ́. Gbogbo wọn, àyàfi ẹnì kan. Rọ̀bọ̀tọ̀ rí àwọn àgbà, ojú tì í. Ó gbàgbé gbogbo nǹkan. Ó dijú. Ó la ẹnu.

Àwọn àgbà yí ojú sí i.

"Ọmọ yìí ńkọ́?" ni Àkùkọ béèrè.

Ikán kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ Àgbébọ̀. Tó bá gbé e sẹ́nu Rọ̀bọ̀tọ̀, ó ti tán nìyẹn, wọ́n á pín wọn. Tí kò bá gbé e, tí ọmọ náà kò sì lajú, wọ́n á ṣì pín wọn. Ó wo Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Àgbébọ̀ sún sẹ́yìn.

Tíntín ló rìn lọ bá Rọ̀bọ̀tọ̀. Ó fi orí kàn án nínú. "Ìwọ, lajú ẹ jàre. A ti ń jẹ ẹ́ tán."

Rọ̀bọ̀tọ̀ la ojú kan. Ó rí ikán. Ó la èkejì. Tọ́!

"Tíṣà, mo jẹ ẹ́!" ló kígbe, ẹnu rẹ̀ ṣì kún.

Àkùkọ rìn yí Àgbébọ̀ ká. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jẹun yìí, kí ni ìwọ ń ṣe?"

"Mò ń kọ́ wọn, Ọ̀gá."

"Mo rí i pé o dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ìdúró yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ náà."

Ẹyẹlé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bi mi ni, Ọ̀gá. Èmi ọlọ́mọ méjì lè fi ẹnu bọ́ wọn. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ìdí nìyẹn."

Àkùkọ na ọrùn, ó lu apá rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọ lọ́sàn-án gangan. Kò sẹ́ni tó pín àwọn ọmọ náà.

Láti ọjọ́ náà ni adìyẹ ti ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀, tó sì ń sún sẹ́yìn kí wọ́n lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òròmọdìyẹ fi ń ṣa oúnjẹ fúnra rẹ̀ láti kékeré, nígbà tí ọmọ ẹyẹlé ṣì ń la ẹnu de ìyá rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo adìyẹ dáadáa, ẹ ó rí i pé ó máa ń dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́: ojú kan ń wo ilẹ̀, èkejì ń wo ojú ọ̀run.

Tí oòrùn bá sì ti ń rọlẹ̀, bó ti wù kí ikán pọ̀ tó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á fi í sílẹ̀. Á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́, á pa ojú dé, á sì sùn. Ilẹ̀ tó kù láti fẹsẹ̀ wà ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́la.