Ẹni Tí Ó Yí Ìtì Dínà

Ọkùnrin kan wà, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ̀bá ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lọ sí ilé ìwòsàn ni ilé rẹ̀ wà. Ó máa ń sá ẹ̀gẹ́ síwájú ilé, eruku ọ̀kadà sì ń bà á jẹ́. Nígbà tí ó sú u, ó ní kí àwọn lébìrà yí ìtì igi ńlá kan dí ọ̀nà náà. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí wọ́n máa gba inú igbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bíríkìlà kan gbé ìyàwó rẹ̀ dé ibẹ̀ lórí ọ̀kadà. Obìnrin náà ń rọbí. Bíríkìlà ti ìtì náà, kò mì.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe èèyàn kí wọ́n bá mi yí i.”

Alàgbà kò dìde lórí àga. “Mo ti ní kí ẹ máa gba inú igbó.”

Inú igbó náà ni wọ́n gbà, ó ń fà á lọ́wọ́ nínú ẹ̀gún. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti kú sí i nínú.

Alàgbà lọ kí wọn. Ó ní, “Bíbélì ní orúkọ fún irú ìdíwọ́ báyìí. Òkúta ìkọ̀sẹ̀ ni ó ń pè é. Kò sí ẹni tí kì í pàdé rẹ̀ láyé. Olúwa yóò mú un kúrò lọ́nà yín.”

Obìnrin náà wò ó láti orí ẹní. “Bàbá, kí ni Bíbélì ń pe ẹni tí ó gbé e síbẹ̀?”

Bíríkìlà ṣílẹ̀kùn fún alàgbà kí ó máa lọ.

Oyèékànmí, ìwọ ni mò ń bá wí. Opó àbúrò rẹ ń bẹ̀bẹ̀ kí ó lè kórè kòkó ọkọ rẹ̀ kó fi bọ́ àwọn ọmọ. O jókòó níwájú èmi pásítọ̀ rẹ lónìí, o ní òkúta ìkọ̀sẹ̀ wà lọ́nà rẹ̀, kí a máa gbàdúrà. N kò ní gba àdúrà kankan. Ta ló fi ààlè sí oko náà? Ta ló ń lé àwọn ọmọ náà kúrò níbẹ̀? Dìde, kí o lọ ṣí ọ̀nà fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.